Odindi jíìnì àti gékúrú rẹ̀: ìdáhùn fún ìyá kan lórí kírómósómù kékeré àtọwọ́dá

Ìyá kan kọ̀wé sí mi láti Abẹ́òkúta. Ọmọ àbúrò rẹ̀, ọmọkùnrin ọdún 8, ni àwọn dókítà ti fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé ó ní àrùn Duchenne, èyí tó máa ń jẹ iṣan ara àwọn ọmọkùnrin run díẹ̀díẹ̀. Wọ́n ti gbọ́ nínú ẹbí pé ìtọ́jú kan wà ní Amẹ́ríkà tó jẹ́ pé gékúrú jíìnì ni wọ́n ń fà sí ọmọ lára, ìyá náà sì tún kà pé àwọn onímọ̀ ní Jàpáànù ti kó odindi jíìnì náà sórí kírómósómù kékeré kan tí wọ́n fi ọwọ́ ṣe. Ìbéèrè rẹ̀ nìyí, bó ṣe kọ ọ́: "Bí odindi bá wà, èéṣe tí wọ́n fi ń fún àwọn ọmọ ní gékúrú? Ṣé kí a máa dúró de odindi náà ni?"

Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, ẹ̀yin ìyá wa. Ìbéèrè yín bọ́ sí ojú ibi tí ìmọ̀ yìí ti ta kókó gan-an, nítorí náà n óò dáhùn rẹ̀ láìfi ohunkóhun bò. Jíìnì ni ìlànà tí sẹ́ẹ̀lì ara ń tẹ̀lé láti ṣe purotéìnì, èròjà tó ń ṣiṣẹ́ nínú ara; DNA ni a fi kọ ọ́, bí a ti ń fi lẹ́tà kọ ìwé, kírómósómù sì ni okùn DNA gígùn tí àwọn jíìnì tò sí. Odindi jíìnì náà wà lóòótọ́ lórí kírómósómù àtọwọ́dá. Ó ń ṣiṣẹ́ nínú sẹ́ẹ̀lì tí a ń tọ́ nínú abọ́ ní ilé ìwádìí, ó sì ti ṣiṣẹ́ lára eku. Ṣùgbọ́n títí di àkókò tí mo ń kọ ìwé yìí, a kò tíì fi tọ́jú ọmọ ènìyàn kankan. Ẹrù ti pé sínú ọkọ̀. Ọ̀nà tí ọkọ̀ náà yóò gbà dé inú iṣan ọmọ ni kò tíì sí.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo bí ẹrù náà ti tóbi tó. Jíìnì tó ń jẹ́ dístírófínì wà lórí kírómósómù X, ó sì wà lára àwọn tó gùn jù lọ nínú àwọn jíìnì ènìyàn: lẹ́tà DNA tó wà nínú rẹ̀ lé ní mílíọ̀nù 2, abala tó wúlò fún kíkọ purotéìnì sì jẹ́ 79 nínú rẹ̀. Purotéìnì tí ó ń ṣe dà bí okùn tó so òpó inú sẹ́ẹ̀lì iṣan mọ́ awọ sẹ́ẹ̀lì náà, kí awọ má baà ya nígbà tí iṣan bá ń sún kì tó sì ń nà. Níbi tí okùn yìí kò bá sí, ìrìn tí ọmọ ń rìn lójoojúmọ́ ni ó ń ya àwọn sẹ́ẹ̀lì rẹ̀. Ara a máa tún wọn ṣe, títí agbára àtúnṣe yóò fi tán, tí ọ̀rá àti àpá yóò sì gba ipò iṣan. Ó ṣeé ṣe kí ẹ ti rí bí ọmọ náà ṣe ń fi ọwọ́ ti itan ara rẹ̀ kí ó tó lè dìde nílẹ̀. Ohun tó fa ìyẹn nìyí. Ọkùnrin ní X kan ṣoṣo, nítorí náà bí jíìnì tó wà lórí rẹ̀ bá bàjẹ́, kò sí èkejì tí yóò gbà á sílẹ̀.

Nínú lẹ́tà tó lé ní mílíọ̀nù 2 yẹn, nǹkan bí 11,000 péré ni ó ń sọ bí a ó ṣe to purotéìnì náà. Ìyókù jẹ́ àlàfo tó wà láàárín abala kan àti èkejì, pẹ̀lú àwọn ibi tí sẹ́ẹ̀lì fi ń tan jíìnì náà tàbí tí ó fi ń pa á, tí jíìnì náà fi ń mọ̀ bóyá inú iṣan apá ni òun wà, tàbí inú ọkàn, tàbí inú ọpọlọ. Fáírọ́ọ̀sì tí a ń pè ní AAV, tí ó jẹ́ ọkọ̀ tí àwọn oníṣègùn jíìnì ń lò jù fún iṣan lónìí, kò lè gbé ju nǹkan bí lẹ́tà 4,700 lọ. Kódà bí a bá yọ gbogbo àlàfo kúrò, 11,000 kò lè wọ inú àyè 4,700. Aránṣọ tí wọ́n bá gbé aṣọ tí kò tó agbádá fún, bùbá ni yóò rán. Ohun tí àwọn onímọ̀ ṣe náà nìyẹn: wọ́n gé èyí tó pọ̀ jù nínú àárín jíìnì náà kúrò, wọ́n fi àwọn apá tí okùn náà kò lè ṣe láìní sílẹ̀, wọ́n sì so wọ́n pọ̀.

Wọn kò dédé máa gé e bẹ́ẹ̀ o. Ní 1990 ni àwọn oníwádìí kọ̀wé nípa ọkùnrin ẹni ọdún 61 kan tó ṣì ń fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìdá 46 nínú ọgọ́rùn-ún lára ohun tó ń kọ purotéìnì náà ti sọnù lára rẹ̀ láti inú ìyá rẹ̀ wá. Ọkùnrin yẹn ló kọ́ ayé pé ìdajì okùn sàn ju àìsí okùn lọ, láti ara irú àkíyèsí bẹ́ẹ̀ ni gékúrú tí ẹ gbọ́ nípa rẹ̀ sì ti ṣẹ̀ wá. Orúkọ rẹ̀ ni Elevidys. Ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i ní oṣù kẹfà 2023 fún àwọn ọmọ ọdún 4 àti 5 tó ṣì ń rìn, wọ́n sì fẹ̀ ẹ́ lójú ní 2024. Ní 2025, ọmọkùnrin 2 tí wọn kò lè rìn mọ́ kú lẹ́yìn tí wọ́n gbà á, nítorí pé ẹ̀dọ̀ wọn kọṣẹ́. Fáírọ́ọ̀sì tó gbọ́dọ̀ dé gbogbo iṣan ara kì í ṣe ìwọ̀n kékeré, ẹ̀dọ̀ ni ó sì ń kọ́kọ́ gba púpọ̀ nínú rẹ̀. Lẹ́yìn tí ọmọ bá ti gbà á lẹ́ẹ̀kan, ara rẹ̀ yóò ti mọ fáírọ́ọ̀sì náà bí ọ̀tá, a kò sì tíì lè tún un fún un nígbà tí agbára rẹ̀ bá ń dínkù. Mo kọ ikú àwọn ọmọ méjì yìí síbí nítorí pé àwọn òbí tó bá ń ronú lórí ìtọ́jú yìí ní ẹ̀tọ́ láti mọ̀ ọ́n kí wọ́n tó fọwọ́ sí ìwé.

Irú ọkọ̀ mìíràn wà tí ó ń gbé ẹrù tó ju ti AAV lọ díẹ̀, tí ó sì ń so jíìnì tuntun mọ́ àárín kírómósómù ẹni náà gan-an. Àǹfààní rẹ̀ ni pé bí sẹ́ẹ̀lì ti ń bí síi, jíìnì náà ń bá a lọ. Ewu rẹ̀ hàn ní Paris àti Lọ́ńdọ́nù, níbi tí wọ́n ti fi irú rẹ̀ àtijọ́ tọ́jú àwọn ọmọkùnrin 20 tí a bí láìní ohun tí ara fi ń bá àrùn jà. Ìtọ́jú náà gba ọ̀pọ̀ nínú wọn là, ṣùgbọ́n láti 2002 lọ, àwọn 5 ní jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀, ọ̀kan sì kú, nítorí pé jíìnì tuntun náà já sí ẹ̀gbẹ́ jíìnì mìíràn tí ó yẹ kí ó máa sùn, ó sì jí i. Àwọn ọkọ̀ òde òní ti sàn ju tìgbà náà lọ dáadáa. Síbẹ̀, ìṣẹ̀lẹ̀ yẹn wà lára ohun tó mú kí àwọn kan tẹpẹlẹ mọ́ ìbéèrè kan: ǹjẹ́ a kò lè gbé jíìnì wọ inú sẹ́ẹ̀lì láìfọwọ́ kan kírómósómù tí ẹni náà bá wá sáyé?

Èrò kírómósómù àtọwọ́dá nìyẹn. Sẹ́ẹ̀lì wa ní kírómósómù 46. Kí a ṣe ìkẹtàdínláàádọ́ta tí ó kéré jọjọ, kí a di ẹrù sí i, kí ó máa dá dúró nínú sẹ́ẹ̀lì, kí sẹ́ẹ̀lì máa ṣe ẹ̀dà rẹ̀ kí ó sì máa pín in fún àwọn sẹ́ẹ̀lì ọmọ rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ó ti ń pín ti tẹ́lẹ̀. Kírómósómù kò lè ṣe èyí bí kò bá ní etí tí a ta ní kókó, bí a ti ń ta kókó sí etí aṣọ òfì kí òwú rẹ̀ má baà máa tú. Etí yìí ni àwọn onímọ̀ ń pè ní tẹ́lómíà, lẹ́tà TTAGGG tí a tún kọ léraléra sì ni. Ó tún gbọ́dọ̀ ní ibi tí ṣíṣe ẹ̀dà rẹ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀. Èyí tó le jù ni ìbàdí rẹ̀, sẹ́ńtírómíà, níbi tí àwọn okùn inú sẹ́ẹ̀lì ń dì mú láti fa ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan sí apá tirẹ̀ nígbà tí sẹ́ẹ̀lì bá ń pín sí méjì. Kírómósómù tí kò ní ìbàdí yóò sọnù láàárín ìpín mélòó kan.

Nínú ìwúkàrà, ẹ̀dá wẹ́wẹ́ tó ń mú búrẹ́dì wú, iṣẹ́ yìí rọrùn, nítorí pé ìbàdí kírómósómù rẹ̀ kò ju lẹ́tà 125 lọ. Andrew Murray àti Jack Szostak ti ṣe irú kírómósómù bẹ́ẹ̀ fún ìwúkàrà ní 1983. Ti ènìyàn gba ọdún 14 sí i. Ìbàdí kírómósómù tiwa jẹ́ gbólóhùn kan tí ó ní lẹ́tà 171, tí a tún kọ ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà lórí ara wọn, tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi ṣòro láti kà, tí ó sì ṣòro jù bẹ́ẹ̀ lọ láti kọ́. Ní 1997 ni Huntington Willard, John Harrington àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Cleveland ní Amẹ́ríkà to irú gbólóhùn yìí pọ̀, wọ́n fi etí tẹ́lómíà àti ègé DNA ènìyàn kún un, wọ́n sì dà wọ́n sínú sẹ́ẹ̀lì. Nínú díẹ̀ lára àwọn sẹ́ẹ̀lì náà, kírómósómù kékeré kan dìde tí ó sì dúró fún oṣù 6 láìsí pé a fi oògùn fipá mú sẹ́ẹ̀lì láti tọ́jú rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí ọ̀rọ̀ náà: wọ́n dà á sínú sẹ́ẹ̀lì, ó sì dìde. Sẹ́ẹ̀lì fúnra rẹ̀ ló so àwọn ègé náà pọ̀ bó ṣe wù ú, ìgbà mìíràn ní ìlọ́po púpọ̀, tí ohun tó jáde fi tóbi ju ohun tí a fi wọlé lọ fíìfíì. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe oògùn kò lè gba irú èyí, nítorí pé ó gbọ́dọ̀ lè sọ iye ẹ̀dà jíìnì tó wà nínú rẹ̀. Ìdí ìdàrúdàpọ̀ náà jinlẹ̀. Lẹ́tà DNA nìkan kọ́ ni ó ń sọ ibì kan di ìbàdí; purotéìnì kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ CENP-A ni ó ń jókòó síbẹ̀ bí àmì, sẹ́ẹ̀lì tó bá bá àmì náà níbì kan yóò sì tún un fi síbẹ̀ fún àwọn ọmọ rẹ̀. Ilé ìwádìí Ben Black ní Yunifásítì Pennsylvania gba ọ̀nà àmì yìí wọlé. Ní 2024, òun àti àwọn tó bá a ṣe é ní J. Craig Venter Institute, ilé ìwádìí kan ní Amẹ́ríkà, kọ́ DNA tó ní nǹkan bí lẹ́tà 750,000 nínú ìwúkàrà, wọ́n so sẹ́ẹ̀lì ìwúkàrà náà pọ̀ mọ́ sẹ́ẹ̀lì ènìyàn, wọ́n sì fi ọgbọ́n darí àmì náà síbi tí ó yẹ. Kírómósómù tó jáde jẹ́ ẹ̀dà kan ṣoṣo, bí wọ́n ṣe kọ́ ọ. Lójú tèmi, ìtẹ̀síwájú yìí ló tóbi jù nínú ìmọ̀ náà láti 1997.

Àwọn ará Jàpáànù tí ẹ kà nípa wọn gba ọ̀nà mìíràn pátápátá. Ní Yunifásítì Tottori, Mitsuo Oshimura, Yasuhiro Kazuki àti àwọn ẹgbẹ́ wọn kò kọ́ ìbàdí tuntun rárá. Wọ́n mú kírómósómù 21 ti ènìyàn, wọ́n gé apá rẹ̀ sọ́tùn-ún sósì títí kò fi ku jíìnì kankan tí a mọ̀ lórí rẹ̀, wọ́n fi ìbàdí rẹ̀ sílẹ̀ bí Ẹlẹ́dàá ti dá a, wọ́n sì fi ibi tí a lè so ẹrù mọ́ sí i. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé ègé kírómósómù X tó gùn tó mílíọ̀nù 2.4 lẹ́tà lé e lórí, èyí tí odindi dístírófínì, àlàfo rẹ̀ àti gbogbo ibi ìtanná rẹ̀ wà nínú rẹ̀. Ní 2010 wọ́n ròyìn pé àwọn fi í sínú sẹ́ẹ̀lì orísun, irú sẹ́ẹ̀lì tó lè di oríṣi sẹ́ẹ̀lì mìíràn, tí a ṣe láti ara ọmọ tó ní Duchenne, sẹ́ẹ̀lì náà sì lè ṣe dístírófínì padà nígbà tí a sọ ọ́ di iṣan. Ní 2011, ẹgbẹ́ Giulio Cossu, onímọ̀ ará Ítálì kan, bá wọn fi í sínú sẹ́ẹ̀lì tí a mú láti ara eku tó ní àrùn náà, wọ́n dá sẹ́ẹ̀lì ọ̀hún padà sára irú eku bẹ́ẹ̀, iṣan eku náà sì sàn sí i. Odindi tí ẹ ń bi mí léèrè rẹ̀ nìyẹn.

Kí ló wá dé? Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń gbé e wọ sẹ́ẹ̀lì. Fáírọ́ọ̀sì tí à ń lò fún iṣan kò lè gbé ohun tó tóbi tó bẹ́ẹ̀. Abẹ́rẹ́ kò lè fà á sí ẹ̀jẹ̀. Ohun tí wọ́n ń ṣe ni pé wọ́n á da oògùn sí sẹ́ẹ̀lì tó ń gbé kírómósómù náà títí àwọn kírómósómù rẹ̀ yóò fi fọ́n sínú àpò kéékèèké, wọ́n á fi ẹ̀rọ tó ń yí bíríbírí já àwọn àpò náà gbà kúrò lára sẹ́ẹ̀lì, wọ́n á sì jẹ́ kí àpò kan lẹ̀ mọ́ sẹ́ẹ̀lì tí a fẹ́ tọ́jú kí ó sì wọ inú rẹ̀. Nínú sẹ́ẹ̀lì 100,000, ó lè má ju ọ̀kan tàbí díẹ̀ lọ tí yóò gbà á dáadáa. Nítorí náà a gbọ́dọ̀ mú sẹ́ẹ̀lì jáde lára aláìsàn, kí a ṣe iṣẹ́ yìí nínú abọ́, kí a ṣa àwọn díẹ̀ tó yege, kí a tọ́ wọn títí wọn yóò fi pọ̀, kí a sì dá wọn padà. Fún ẹ̀jẹ̀, ìdápadà kò ṣòro, nítorí pé sẹ́ẹ̀lì orísun ẹ̀jẹ̀ mọ ọ̀nà padà sí mùdùnmúdùn egungun. Iṣan kò rí bẹ́ẹ̀. Iṣan ara ènìyàn lé ní 600, ọkàn àti iṣan tí a fi ń mí sì wà lára àwọn tí Duchenne ń pa, síbẹ̀ a kò lè gún wọn lábẹ́rẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ẹgbẹ́ Cossu kan náà ti dán ìdápadà yìí wò lára ènìyàn ní Milan, láìsí kírómósómù àtọwọ́dá níbẹ̀. Ọmọkùnrin 5 ni wọ́n fún ní sẹ́ẹ̀lì tí a gbà lára àwọn ọmọ ìyá wọn tí ara wọn bá mu, tí wọ́n sì fà á sí iṣàn ẹ̀jẹ̀ ẹsẹ̀ àti apá wọn. Èsì tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2015 fi hàn pé ewu rẹ̀ kò pọ̀, ṣùgbọ́n sẹ́ẹ̀lì tó dúró nínú iṣan kò tó ohun tí yóò yí ìrìn àwọn ọmọ náà padà. Sẹ́ẹ̀lì tí àwọn ọmọ yẹn gbà, odindi jíìnì tó pé ló wà nínú rẹ̀ láti ìbí. Bí ti ọmọ ìyá tó pé kò bá tó nítorí pé kò dé ibi tó yẹ, ti kírómósómù àtọwọ́dá náà kò ní tó, títí a ó fi rí ọ̀nà tó dára jù bẹ́ẹ̀.

Èyí kò sọ pé iṣẹ́ náà já sí asán. Ibì kan wà tí ó ti ṣe ènìyàn láǹfààní, màlúù sì ni ibẹ̀. Láti 2002 ni àwọn onímọ̀ Jàpáànù àti Amẹ́ríkà ti bí màlúù tó ń gbé kírómósómù àtọwọ́dá ènìyàn, èyí tí àwọn jíìnì tí ara fi ń ṣe èròjà agbóguntàrùn wà lórí rẹ̀. Àwọn jíìnì yẹn pọ̀, wọ́n sì gùn ju ohun tí ọkọ̀ mìíràn lè gbé. Ilé iṣẹ́ kan ní Amẹ́ríkà, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ SAB, ń gbin àjẹsára sí irú màlúù bẹ́ẹ̀ lára, ẹ̀jẹ̀ màlúù náà á sì kún fún èròjà agbóguntàrùn ti ènìyàn. Wọ́n ti dán irú rẹ̀ wò lára ènìyàn fún MERS, àrùn èémí kan, àti fún Kòrónà. Ó dùn mọ́ mi nínú, nítorí pé ó jẹ́rìí pé kírómósómù náà lè dúró nínú ẹ̀dá alààyè tó tóbi, kí ó sì máa ṣiṣẹ́ rẹ̀ níbẹ̀.

Mo mọ̀ pé àwọn mìíràn tó bá ka èyí yóò béèrè nípa fòní-kú-fọ̀la-dìde, àrùn tó wà ní ọ̀pọ̀ ilé ní ilẹ̀ wa. Àrùn náà kò nílò ọkọ̀ ńlá yìí. Lẹ́tà kan ṣoṣo ló yí padà nínú jíìnì rẹ̀, jíìnì náà sì kúrú. Àwọn ìtọ́jú jíìnì tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí fún un ní oṣù kejìlá 2023 kò lo kírómósómù àtọwọ́dá. Ohun tó ń dí wọn lọ́wọ́ kí wọ́n dé ọ̀dọ̀ wa ni owó wọn, tó ju mílíọ̀nù 2 dọ́là lọ fún aláìsàn kan.

Nísinsìnyí, ṣé kí ẹ dúró? Rárá, ẹ̀yin ìyá wa. Ọmọ ọdún 8 kò ní àkókò tí yóò fi dúró de ohun tí kò tíì dé ara ẹnikẹ́ni, iṣan tó bá sì ti di àpá, odindi jíìnì pàápàá kò lè dá a padà. Kí dókítà ọmọ náà sọ fún yín bóyá ó ti tó àkókò fún prednisolone tàbí deflazacort, àwọn oògùn tó máa ń jẹ́ kí ọ̀pọ̀ ọmọ rìn fún ọdún díẹ̀ sí i, kí wọ́n sì máa wo ọkàn rẹ̀ lọ́dọọdún, kódà bí kò bá ráhùn ohunkóhun. Ẹ má ṣe jẹ́ kí wọ́n dá oògùn náà dúró lójijì lọ́jọ́ kan, nítorí pé ara tó ti gbára lé e lè dákú. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ pé òun lè fi kírómósómù àtọwọ́dá tọ́jú ọmọ yín fún owó, irọ́ ni ó ń pa, ibi yòówù kí ilé ìwòsàn rẹ̀ wà.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ wá ni ìwé àyẹ̀wò jíìnì tó sọ ní pàtó abala tó sọnù nínú 79 náà. Oògùn kan wà tó ń jẹ́ kí sẹ́ẹ̀lì fo abala 51 kọjá, nǹkan bí ọmọ 13 nínú ọgọ́rùn-ún ni ó sì bá mu. Elevidys pàápàá kò tọ́ sí ọmọ tí abala 8 tàbí 9 rẹ̀ bá sọnù. Kí wọ́n ṣe àyẹ̀wò kan náà fún àbúrò yín, nítorí pé nínú ìyá mẹ́ta tó bí ọmọ Duchenne, bíi méjì ni ó ń gbé jíìnì náà lára láìmọ̀. Bí òun bá jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, ó yẹ kí ẹ̀yin àti àwọn ọmọbìnrin yín náà ṣe é, kí wọ́n sì wo ọkàn tirẹ̀, nítorí pé ó lè kan ìyá náà díẹ̀. Nígbà tí ìwé náà bá jáde, ẹ kọ nọ́ńbà abala tó wà nínú rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi, n óò sọ fún yín èyí tó kan ọmọ náà nínú àwọn ìtọ́jú wọ̀nyí.